Alien: Romulus: ṣé ó tó ti àkọ́kọ́, àbí ó kàn jọ ọ́ ni?

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024 tí Alien: Romulus, fíìmù ẹlẹ́rù nípa ẹ̀dá abàmì inú òfuurufú tó ń pa èèyàn, ti jáde ni ẹnu kò ti kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní kò tíì sí irú rẹ̀ láti 1986 tí apá kejì jáde, àwọn mìíràn ní àwòṣe lásán ni. Ẹjọ́ ibi tí ìtàn rẹ̀ bọ́ sí, láàárín apá kìíní àti ìkejì, tún da ọ̀rọ̀ náà rú fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Apá kelòó gan-an ni?

Ìkeje, tí a bá yọ méjì tí wọ́n ti ní kí ẹ̀dá abàmì yìí bá Predator, ẹ̀dá ọdẹ inú fíìmù mìíràn, jà kúrò. Èmi yọ wọ́n kúrò.

Báwo ni ìkeje ṣe wá wà láàárín èkíní àti èkejì?

Nínú ìtàn ni. Alien, tó jáde ní 1979, ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2122. Ripley, akọni obìnrin inú rẹ̀ tí Sigourney Weaver ṣe, wá sun oorun ọdún 57 nínú ọkọ̀ òfuurufú kó tó jí nínú Aliens ti 1986. Inú oorun yẹn ni Romulus bọ́ sí, ní 2142.

Ṣé ó dára tó àkọ́kọ́?

Rárá o. Àkọ́kọ́, tí Ridley Scott darí, kò fi kọ̀ǹpútà dẹ́rù bani. Ẹ wo ibi tí Brett, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà, ti ń wá ológbò: ó ṣí fìlà, ó gbójú sókè kí omi máa kán sí i lójú, ẹ̀wọ̀n ń mì lókè, àwa sì ti rí ohun tí òun kò rí. Ọmọ wa ni wọ́n fi aṣọ ẹ̀dá náà wọ̀: Bọ́lájí Badéjọ, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1953, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní London. Ilé ọtí ni ẹni tó ń wá òṣèré ti rí i. Ó ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 10, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú ò lè gbà pé èèyàn ló wà nínú aṣọ náà. Kò ṣe fíìmù mìíràn títí ó fi kú ní 1992.

Ohun tí James Cameron ṣe ní 1986 ni pé kò bá ìyẹn du ipò. Fíìmù ogun ló ṣe: ọmọ ogun rẹpẹtẹ, ẹ̀dá abàmì rẹpẹtẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ apá tó bá tẹ̀ lé òmíràn ni pé, iṣẹ́ wo ló wá fúnra rẹ̀?

Romulus, tí Fede Álvarez darí, wá iṣẹ́ tirẹ̀ dé ìdajì. Rain, ọ̀dọ́bìnrin tí ìtàn náà dá lé, ti ṣe gbogbo wákàtí iṣẹ́ tó wà nínú àdéhùn rẹ̀, ó lọ gba ìwé ìdásílẹ̀, akọ̀wé sì sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ti fi kún wákàtí náà. Ẹni tó bá ti tò sí ọ́fíìsì ìjọba rí mọ ojú akọ̀wé yẹn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀dá náà, tó jẹ́ ásíìdì, ti ń fò kiri nínú afẹ́fẹ́, tí àwọn èèyàn ń wá ọ̀nà gba àárín rẹ̀ kọjá, kò sí nínú èyíkéyìí tó ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló wá ń yá nǹkan: ó fi gbólóhùn Ripley ti 1986 sí Andy, rọ́bọ́ọ̀tì tó dà bí arákùnrin Rain, lẹ́nu, ó sì lọ gba ìparí lọ́wọ́ Alien Resurrection ti 1997, gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò ní kó jẹ.

Ṣebí ó pawó?

Ó pa ju mílíọ̀nù 300 dọ́là lọ. Ìyẹn ò sọ pé ó dára.

Ojú ta ni wọ́n fún rọ́bọ́ọ̀tì kejì inú Romulus?

Ti Ian Holm, tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì inú ti 1979, tó sì kú ní 2020. Ìdílé rẹ̀ fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ ojú náà kò mọ́ ní sinimá, wọ́n sì tún un ṣe kó tó dé orí tẹlifíṣọ̀n ilé.

Ṣé báyìí ni wọn yóò ṣe máa jí òkú òṣèré?

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àdéhùn tí ẹgbẹ́ àwọn òṣèré Amẹ́ríkà gbà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì 2023 ní àfi kí àwọn tó jogún òkú gbà kí wọ́n tó lo ojú rẹ̀. Ẹni tó ti kú kò lè kọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló ń kọ mí lóminú.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ti 1979, lẹ́yìn náà ti 1986, kí ẹ tó bọ́ sí Romulus. Bí ẹ bá fẹ́ràn ọmọ kékeré inú ti 1986, ẹ má fi ìkánjú wo Alien 3.

Ṣé ọmọdé lè wò ó?

Rárá. Aláboyún náà, ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ ó fi bí. Ẹni tó ti wò ó mọ ìdí.