Rárá o, Linux kọ́ ló jó spíkà láptọ́ọ̀pù yín

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti di ìgbàgbọ́ láàrin wa níbí, láti Yábà títí dé Ìkẹjà, wọ́n ní téèyàn bá ti yọ Windows kúrò lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ tó fi Linux sí i, ìyẹn ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, Linux yẹn á jó spíkà ẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí lánàá ló ṣì ń kọrin, òní tó fi Ubuntu, oríṣi Linux kan, sí i ló yadi, kí lẹ tún fẹ́ wádìí? Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá gbọ́ ọ, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, owó ló ń gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn, pàápàá àwọn student tó jẹ́ pé owó oúnjẹ ni wọ́n tù jọ ra tòkunbọ̀, wọ́n á tún lọ ra spíkà tuntun fún ẹ̀rọ tí spíkà ẹ̀ ò ṣe nǹkankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo spíkà yẹn fúnra ẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré ni, wáyà tí wọ́n ká róbótó àti awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń gbọ̀n tí iná bá ti gba inú wáyà yẹn kọjá. Kò mọ Windows, kò mọ Linux. Kí iná yẹn tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, orin á kọ́kọ́ jáde látinú VLC tàbí Firefox yín, á gba ọwọ́ PipeWire tàbí PulseAudio tó máa ń pín ohùn, á dé ọwọ́ ALSA tó wà nínú kernel, ìyẹn ọkàn Linux gan-an, ALSA yìí ló ń bá ṣíìpù ohùn sọ̀rọ̀, ti Realtek ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tá à ń rà, ṣíìpù á gbé e fún amplifáyà tó ń fún ohùn lágbára, amplifáyà ló máa wá ti spíkà. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ló lè dí, spíkà ló kẹ́yìn wọn. Tí gílóòbù ilé yín ò bá tàn, ṣé gílóòbù tuntun lẹ máa sáré lọ rà ni, àbí ẹ máa kọ́kọ́ wò ó bóyá NEPA ló mú iná lọ?

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Akọka ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ó fi Ubuntu sórí tòkunbọ̀ tó rà, ohùn ò jáde, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe kan, ìyẹn ò tiẹ̀ tan ẹ̀rọ yẹn kó wo inú ẹ̀, ó ní Linux ti jó spíkà, pé òun máa tú u, òun máa pààrọ̀ ẹ̀, òun máa dá Windows padà sí i. Ọmọ yẹn wá pè mí pé ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sanwó? Mo ní má tíì sanwó, ki íàpíìsì bọ̀ ọ́ ná, ṣé ó ń dún? Ó ní ó ń dún dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ti tó láti mọ̀ pé ṣíìpù ohùn yè, Linux sì rí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ibi tó kù ò pọ̀ mọ́: bóyá ẹnu ọ̀nà spíkà ló tì, bóyá amplifáyà ẹ̀ ni ò jí, tàbí spíkà fúnra ẹ̀, tí a ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ láìwo méjì àkọ́kọ́ ná.

Mo ní kó ṣí tẹ́mínà, ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, kó tẹ alsamixer, ètò tí wọ́n fi ń ṣètò ohùn. Ojú dúdú kan ló máa ṣí, ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Master lẹ máa rí níbẹ̀, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ní ah, kò sí nǹkankan níbí, tí wọ́n á sì tì í padà. Ẹ má tì í. Ẹ tẹ F6, ẹ mú káàdì gidi yẹn, orúkọ ẹ̀ lè jẹ́ HDA Intel PCH tàbí sof-hda-dsp, ìgbà yẹn làwọn ọ̀pá tó kù máa tò jáde, Master, Headphone, Speaker, PCM àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, tí ẹ bá rí 00 níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀, tí ẹ bá rí MM, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Lórí ti ọmọ yẹn, Master 00, Headphone 00, Speaker MM, ó jókòó síbẹ̀ gbọnin. Ó fi àmì ọfà rìn débẹ̀, ó tẹ M lẹ́ẹ̀kan, MM di 00, ó fi ọfà òkè gbé e sókè, orin tó ti ń kọ lábẹ́ láti àárọ̀ bẹ́ jáde. Mo ní kó tẹ sudo alsactl store kó má bàa tún padà sí bó ṣe wà. Kò sí irinṣẹ́ kankan tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí o, kò sí sukurú tí wọ́n tú.

Nínú alsamixer yẹn náà lẹ ti máa rí nǹkan tí wọ́n ń pè ní Auto-Mute Mode. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé tó bá ti mọ̀ pé íàpíìsì wà nínú ihò, á pa spíkà lẹ́nu mọ́, ó dáa bẹ́ẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ihò íàpíìsì tòkunbọ̀ tí eruku ti wọ̀, tàbí tí irin inú ẹ̀ ti tẹ̀, lè máa sọ fún ṣíìpù pé íàpíìsì wà níbẹ̀ nígbà tí kò sí nǹkankan, spíkà á sì dákẹ́ títí. Ẹ yí i sí Disabled, tí ohùn bá jáde, ihò yẹn lẹ fẹ́ tún ṣe, spíkà kọ́.

Àwọn mìíràn, HDMI ni ohùn wọn ń gbà lọ, ó ń wá tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni ò so mọ́ ọn, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Sound, ẹ mú Speakers, ó tán.

Èyí tó máa ń dẹ́rù bani jù ni pé kẹ́ ẹ dé Settings kẹ́ ẹ bá Dummy Output nìkan níbẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé Linux ò rí káàdì ohùn kankan rárá, ìyẹn gan-an làwọn atúnṣe fi ń sọ pé ó ti jó. Àmọ́ lórí àwọn láptọ́ọ̀pù Intel tó jáde láti nǹkan bí ọdún 2019, ohùn kì í ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ní ṣíìpù DSP kan tó ń bójú tó ohùn, tó gbọ́dọ̀ ní fáìlì tiẹ̀ tó máa kà kó tó lè ṣe ohunkóhun, fáìlì yẹn ni wọ́n ń pè ní Sound Open Firmware, ọdún 2018 ni wọ́n kéde ẹ̀. Tí fáìlì yẹn ò bá sí lórí ẹ̀rọ, ṣíìpù ò ní jí, Linux á sì gbé Dummy Output wá. Lórí Debian, tóun náà jẹ́ oríṣi Linux bíi Fedora àti Arch, firmware-sof-signed lorúkọ ẹ̀, lórí Fedora alsa-sof-firmware, lórí Arch sof-firmware. Kí Debian 12 tó jáde lọ́dún 2023, irú fáìlì báyìí kì í bá ìnsítọ́là wọn wá, ẹlòmíì á fi Debian sórí ẹ̀rọ, kò ní gbọ́ ohùn kankan, á ní spíkà ti kú. Ẹ tẹ sudo dmesg | grep -i sof láti ka ohun tí kernel sọ nípa ẹ̀, tó bá ń ké pé òun ò rí fáìlì, ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá nìyẹn, ẹ fi sí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tan án.

Oríṣi kan tún wà tó le ju èyí lọ, tí íàpíìsì ń dún, tí kò sí MM kankan, tí spíkà ò sì dún síbẹ̀. Lórí àwọn láptọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n ti ń fi amplifáyà ọlọ́gbọ́n sí i, irú bíi CS35L41 ti Cirrus Logic tàbí TAS2781 ti Texas Instruments, àwọn yìí náà fẹ́ dírafà tiwọn, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí Linux bá wọn sọ̀rọ̀, àti fáìlì tó mọ láptọ́ọ̀pù yẹn gan-an. Ilé iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù ti fún Windows ní gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń ṣe kernel lè má tíì rí i gbà. Kernel tuntun ló sábà máa ń yanjú ẹ̀. Èyí ló fà á tí mi ò fi ń dá àwọn tó bínú sí Linux lẹ́bi pátápátá, èèyàn ra ẹ̀rọ tuntun, kò gbọ́ nǹkankan, inú ẹ̀ ò lè dùn. Àmọ́ àìmọ̀ ẹ̀rọ yẹn nìyẹn, jíjó kọ́.

Tí Windows àti Linux bá jọ wà lórí ẹ̀rọ kan náà, ẹ pa Fast Startup nínú Windows, torí Windows kì í pa ẹ̀rọ tán tí ìyẹn bá wà, ó sì lè fi ṣíìpù ohùn sílẹ̀ sípò tí Linux ò mọ ohun tó máa ṣe sí i.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀rù yìí ṣá, mi ò ní fi pamọ́. Nínú Settings, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Over-Amplification tó máa jẹ́ kí fólúùmù kọjá 100%, ẹlòmíì á gbé e dé 150% torí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ń pariwo, ohùn á ti máa fọ́, spíkà kékeré tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí lójoojúmọ́ lè bàjẹ́ lóòótọ́. Ẹ ra spíkà Bluetooth, ẹ̀yin èèyàn mi. Lórí MacBook tó ń lo ṣíìpù Apple, àwọn Asahi Linux, ìyẹn àwọn tó ń mú Linux ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ Apple, mọ̀ pé spíkà ẹ̀ lè jó tí kò bá sí sọ́fítíwià tó ń ṣọ́ bó ṣe ń gbóná, wọ́n kọ̀ láti ṣí i fún aráyé àfìgbà tí wọ́n kọ ètò tó ń ṣọ́ ọ, speakersafetyd lorúkọ ẹ̀. Ẹ rí i pé àwọn tó ń ṣe Linux gan-an ló ń dáàbò bo spíkà níbẹ̀.

Spíkà tó ti jó lóòótọ́, kò sí Windows tàbí Linux tó máa mú un dún dáadáa. Tó bá jẹ́ Dell ni, ẹ tan án, ẹ tẹ F12, ẹ mú Diagnostics, á dán spíkà wò láìsí Windows, láìsí Linux, tí ẹ bá gbọ́ ohùn níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú láptọ́ọ̀pù yín. Ẹ tún lè fi Linux mìíràn sórí fíláàṣì kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ látibẹ̀ láìfi í sórí dísíìkì, Ubuntu tuntun ti lé ní gígábáìtì 5, ẹ lo dátà òru tàbí kẹ́ ẹ gbà á lórí fíláàṣì ọ̀rẹ́ yín. Ẹ tẹ speaker-test -c 2 -t wav, obìnrin kan á máa sọ Front Left, Front Right, tí apá kan bá ń gbọ̀n jàgàjàgà níbẹ̀ àti nínú Windows, spíkà yẹn ti lọ lóòótọ́, ẹ gbé e lọ sí Computer Village, ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n sì rọra fa wáyà ẹ̀ torí kò nípọn rárá.

Tó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kernel ni, tẹ́ ẹ fẹ́ bi ẹnìkan léèrè, ẹ má kàn ní "ohùn ò jáde". Ẹ kọ orúkọ láptọ́ọ̀pù yín pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀, ẹ fi ohun tí uname -r (nọ́ńbà kernel yín) àti aplay -l (àwọn káàdì ohùn tí Linux rí) bá sọ sí i, ẹ sọ bóyá íàpíìsì ń dún tàbí kò dún, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á ti mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.