Pátákó kì í ṣe òǹtẹ̀

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí pátákó tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára bébà ògiri (wọ́ọ̀pépà) láyé àtijọ́, ohun tó máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣebí òǹtẹ̀ náà ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ba àlàyé iṣẹ́ yìí jẹ́. Òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n gbá a mọ́ yíǹkì, wọ́n gbá a mọ́ ìwé, ó parí. Bó wọ́, bó ṣe bàìbàì, ìwé náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bébà ògiri kò gba irú ìyẹn. Bí òdòdó bá fi ìdajì ìka yẹ̀ kúrò lórí igi rẹ̀, ará ilé á máa wò ó fún ogún ọdún.

Ìtàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá wa dúró. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gba owó-orí lórí bébà yìí láti 1712 títí di 1836. Ní 1839 ni ẹ̀rọ aláyìípo tó ń tẹ̀ ẹ́ dé, tó sọ ọ́ di olówó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, William Morris, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń ya àwòrán bébà ògiri, kò fi pátákó sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Zuber ní Rixheim ní ilẹ̀ Faransé, tó ti wà láti 1797, sì ń fi pátákó tẹ̀ ẹ́ títí di òní.

Igi gbígbẹ́ kò ṣàjèjì sí ará Èkìtì. Ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, àwọn ènìyàn ara rẹ̀ yọ orí síta débi pé òjìji wọn ń ṣubú lu ara wọn. Ẹwà yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó lè tẹ bébà láéláé. Pátákó ìtẹ̀wé kò mọ̀ ju ipò méjì lọ: ibi tó yọ àti ibi tó jìn. Bí imú bá fi ìwọ̀n irun ga ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, imú nìkan ni yóò hàn. Òdì-òdì ni wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ, bí àwòrán inú dígí. Igi pear ti Yúróòpù ni wọ́n ń lò (kì í ṣe píà tí à ń jẹ mọ́ búrẹ́dì o), torí ara rẹ̀ kúnná. Ìlà tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún igi, idẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kàn sí i. Ibi tó bá fẹ̀, wọ́n á fi aṣọ onírun tó ki dí inú rẹ̀, nítorí igi lásán kì í gbé ọ̀dà dọ́gba.

Ọ̀dà náà kì í ṣe yíǹkì. Ẹfun ni, tí wọ́n pò mọ́ àwọ̀ àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n sè láti ara awọ ẹran. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù lálẹ́, tó ṣí ìkòkò láàárọ̀, tó rí omi ọbẹ̀ tó ti dì bí ẹ̀kọ, ti mọ gọ́ọ̀mù yẹn. Bó bá kéré nínú ọ̀dà, ẹfun á máa bu sí èèyàn lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, ọ̀dà á sán nígbà tó bá gbẹ. Àléébù rẹ̀ sì wà níbẹ̀: wọ́ọ̀pépà oníke tí wọ́n ń tà ní Adó-Èkìtì kò bẹ̀rù kànìnkànìn àti omi ọṣẹ, ṣùgbọ́n èyí bẹ̀rù. Ògiri tí ọ̀rinrin òjò ń gùn láti ìpìlẹ̀ kì í ṣe ilé rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ ti parí pátápátá rèé. Wọn kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kun pátákó. Àgbá fífẹ̀ kan wà tí omi wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ta awọ bò ó, kí awọ náà lè dùbúlẹ̀ lórí omi, wọ́n á sì tẹ́ aṣọ onírun lé e. Orí aṣọ yìí ni ọmọ iṣẹ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ọ̀dà sí kí wọ́n tó gbé pátákó lé e. Omi tó wà nísàlẹ̀ á wá ti pátákó padà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ọ̀dà lè mọ́ ọn lára dọ́gba kí wọ́n tó gbé e tẹ bébà. Ẹni tó ti sùn lórí ẹní rí mọ̀ pé eegun ìbàdí ló ń ru gbogbo ara. Fóòmù tuntun ní tirẹ̀ á gba ìbàdí, á gba ejìká, á gba ọrùn. Bí fóòmù bá wá gbó, àárín á jìn, tọkọtaya tó bínú sùn á yí lu ara wọn lóru, ìjà á parí tipátipá. Awọ tó bá dẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀dà: gbogbo rẹ̀ á rọ́ sáàárín. Ọgbọ́n tó wà nínú àgbá omi yìí ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lọ.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní pátákó tirẹ̀, nígbà mìíràn méjì. Bébà Acanthus tí Morris ṣe ní 1875 gba pátákó 30 fún àwọ̀ 15. Wọ́n á tẹ àwọ̀ kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀ bébà dé òpin, wọ́n á fi kọ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó padà wá bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bí ìdì bébà bá gùn tó mítà 10, tí pátákó gùn tó ìdajì mítà, ìtẹ̀ 20 ni fún àwọ̀ kan, 300 fún àwọ̀ 15. Kí ló ń fi ibi tí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò jókòó han òṣìṣẹ́? Ìṣó kéékèèké tó wà ní igun pátákó ni. Wọ́n ń fi àmì tó tó orí abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ìṣó pátákó tó tẹ̀lé e á sì bọ́ sórí àmì náà. Bí àmì àkọ́kọ́ bá yẹ̀, àwọ̀ mẹ́rìnlá tó kù á fi ìgbọràn tẹ̀lé e yẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jí bébà àtijọ́ dìde, láti ìparí ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Á bó bébà tuntun kúrò lórí ti àtijọ́, á wá ibi tí oòrùn kò dé, bí ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, torí ibẹ̀ ni àwọ̀ ti ṣẹ́kù bó ṣe wà gan-an. Á fi awò wo etí òdòdó láti mọ àwọ̀ tó gun èkejì, kó lè mọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá àwọn àmì ìṣó, torí àlàfo àárín wọn ló ń sọ bí pátákó ṣe gùn tó, kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Àwọn tó kàn ń ya fọ́tò rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà máa ń pa àmì wọ̀nyẹn rẹ́. Wọ́n rò pé eṣinṣin ló ṣu sí i.