Àgbo Longdan Xiegan àti ojú tó ń pọ́n

Bí ẹnì kan bá fi àgbo Longdan Xiegan ti àwọn ará Ṣáínà lọ̀ yín nítorí ojú tó ń pọ́n, ohun méjì ni kí ẹ bi í: irú ojú pípọ́n wo ló ń wò, kí ló sì wà nínú rẹ̀?

Àpólò tí gbogbo ayé mọ̀ sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Uveitis lọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé inú ẹyinjú gan-an ló wú. Ojú á pọ́n, á máa roni, ìmọ́lẹ̀ ò ní ṣeé wò, ìríran á sì ṣú. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ ogun inú ara ló kọjú ìjà sí ojú. Nígbà mìíràn, ikọ́ ife ló fà á.

Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà gbà pé ẹ̀dọ̀ ló ń darí ojú, pé bí iná bá pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀, ojú á pọ́n, ẹnu á sì korò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń se Longdan Xiegan. Èròjà mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Egbò gentian, tó korò bí jogbo, ni olórí wọn.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Wọ́n ti fún àwọn eku tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá uveitis sí lára, wíwú ojú wọn sì rọlẹ̀. Eku nìyẹn. Ní ti ènìyàn, ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà fún àwọn kan ní steroid nìkan, ìyẹn oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní steroid pẹ̀lú àgbo. Àwọn tó gba méjèèjì ló sábà ń sàn jù. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa mu ohun tó korò tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé òun mu ún? Ìmọ̀ yẹn nìkan lè mú kó sọ pé ara òun ti yá. Àwọn aláìsàn inú ìwádìí wọ̀nyí kì í sì í pọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, uveitis tó wà níwájú ojú lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tún padà wá. Lójú tèmi, ẹ̀rí yìí lè gbe ẹni tó ní àgbo náà lè ran steroid lọ́wọ́. Kò gbe ẹni tó ní kí ẹ da steroid nù.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni èròjà kan tó ń jẹ́ mu tong. Ìtàkùn kan tó ń jẹ́ Akebia ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ìtàkùn Aristolochia, tí wọ́n ń pè ní guan mu tong, gba ipò rẹ̀. Aristolochic acid inú rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀. Lọ́dún 1993, àwọn dókítà ní Belgium ròyìn àwọn obìnrin tí kíndìnrín wọn daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lo oògùn ìfọnra tí irú Aristolochia mìíràn ti ṣèèṣì wọ̀. Àwọn tó ń gbé Longdan oníhóró mì ní Ṣáínà wà lára àwọn tó fara káásá lẹ́yìn náà, kí ìjọba ibẹ̀ tó fòfin de guan mu tong lọ́dún 2003. Ọjà tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ irú mu tong tó wà nínú òun.

Steroid náà ní tirẹ̀: ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa wọ̀n ọ́n. A tún máa ń kán oògùn tó ń la ọmọlójú sílẹ̀, kí awọ tó yí i ká má baà lẹ̀ mọ́ dígí inú ojú. Àgbo kankan ò lè rọ́pò ìyẹn. Ẹ má sì kán àgbo sójú láé.

Bí ojú bá pọ́n tó ń ro yín, tí ẹ ò lè wo ìmọ́lẹ̀, ẹ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ti ń mu Longdan, ẹ mú páálí rẹ̀ dání. A máa yẹ kíndìnrín yín wò pẹ̀lú.