Ẹ Wo Owó Iṣẹ́ Wọn Kí Ẹ Tó Wo Orúkọ

Ẹni kẹrin rèé lóṣù yìí tó jókòó síwájú tábìlì mi, tó ní kí n bá òun ra ìpín Goldman Sachs, báńkì ńlá kan l'Amẹ́ríkà. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ tiwọn. "Ọ̀gá mi, orúkọ ńlá ni." Mo ní ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà pawó? Kò mọ̀. Ó ṣáà ti rí i lórí fóònù pé ìpín náà ń gòkè.

Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣe alágbàtà ìpín l'Ékòó, mi ò sì tíì rí ẹni tó ra mọ́tò láìṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò. Ìpín nìkan lẹ ń rà láìwo inú.

Marcus Goldman, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1869. Ìwé gbèsè àwọn oníṣòwò ló ń rà tó ń tà. Títí dòní, orúkọ ni ọjà tí irú báńkì yìí ń tà. Bí ilé iṣẹ́ ńlá kan bá fẹ́ ra òmíràn, àwọn ni wọ́n ń pè kí wọ́n wá díye lé e, kí wọ́n sì dúró láàárín. Nídìí iṣẹ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni Goldman ti ń ṣíwájú, tí JPMorgan àti Morgan Stanley, àwọn báńkì ẹgbẹ́ rẹ̀, ń lé e bọ̀. Ẹ̀rù wọn kò bà mí níbẹ̀. Àmọ́ owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dà bí òjò: bó bá dá, ó dá nìyẹn. Ìdí rèé tí Morgan Stanley fi ra E*Trade, tí àwọn èèyàn fi ń ra ìpín lórí ẹ̀rọ ayélujára, lọ́dún 2020, tó tún ra Eaton Vance, tó ń bá àwọn èèyàn tọ́jú owó ìdókòwò, lọ́dún 2021, kó lè máa rí owó tí kì í dá. Goldman ní tirẹ̀ ní kí òun máa yá mẹ̀kúnnù lówó, ó tún bá Apple ṣe káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn. Bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là ló ṣòfò síbẹ̀ láàárín 2020 sí 2022, kó tó fà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbi owó iṣẹ́, torí ibẹ̀ lẹ kì í wò. Alágbàtà ilé tó gba ìdá mẹ́wàá, ẹ mọ ohun tó ṣe. Bí onílé bá wá fún un ní ìdajì owó ilé, ṣé ẹ ò ní béèrè ohun tó wà nínú ilé náà? Láàárín 2012 sí 2013, Goldman bá 1MDB, ilé iṣẹ́ ìjọba Malaysia, ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yáwó lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, tó jẹ́ 6.5 bílíọ̀nù dọ́là. Owó iṣẹ́ wọn tó 600 mílíọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó lé ní dọ́là mẹ́sàn-án lórí ọgọ́rùn-ún, níbi tí ìjọba tó ń yáwó kì í ti í sábà san ju dọ́là kan lọ. Iye yẹn nìkan tó láti lé oorun lójú ẹni. Ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù nínú owó náà ni àwọn olè pín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ẹ̀ka wọn ní Malaysia gbà pé òun jẹ̀bi, ilé iṣẹ́ àgbà sì gbà láti san owó tó lé ní 2.9 bílíọ̀nù dọ́là. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ wọn pé òṣìṣẹ́, owó àti orúkọ ni ohun ìní àwọn, àti pé orúkọ ló ṣòro jù láti tún ṣe bó bá bàjẹ́. Mo lẹ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ ògiri ọ́fíìsì mi.

Àwọn tí inú ń bí mi sí ni àwọn onísogúndogójì orí WhatsApp, tí wọn ò níwèé àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìpín, tí wọ́n ń pe ara wọn ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, màmá kan láti Ìkòròdú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, gbé fóònù wọn lé mi lọ́wọ́. Àmì báńkì òkèèrè kan wà lójú ẹgbẹ́ WhatsApp tí màmá wà. Náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rin nínú owó ìfẹ̀yìntì màmá ti wọlé síbẹ̀. Mo wo àmì náà dáadáa: lẹ́tà kan kù nínú orúkọ báńkì ọ̀hún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni màmá fi máàkì ìwé ọmọléèwé, wọn ò rí i.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ bi wọ́n pé níbo ni náírà mẹ́wàá yẹn ti ń wá?"

"Ọmọ mi, ojú ló tì mí. Báńkì òyìnbó ni."

Mo pe nọ́ńbà wọn, kò lọ. Ibi tá a jókòó sí náà ni iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ti wọlé: kí màmá san 200,000 náírà sí i kí wọ́n lè bá wọn ṣí owó wọn. Màmá kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì nawọ́ sí fóònù. Mi ò dá a padà fún wọn títí ọmọ wọn fi dé.