Oko Mayflower: Bí Ọkọ́ Ṣe Dé Ọwọ́ Ọmọ Ilé-ìwé ní Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá mi àgbà, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tó bá ń lọ ilé-ìwé fọwọ́ kan ọkọ́. Àwọn fúnra wọn ló ń roko, àwọn ló ń ká obì gbàǹja tí wọ́n ń tà fún àwọn Hausa ní Sábó Ṣágámù, owó obì yẹn ni wọ́n sì fi ń ra ìwé fún wa. Lójú wọn, ẹni tó bá ti mọ̀wé ti bọ́ lọ́wọ́ oko nìyẹn. Bí ọ̀pọ̀ òbí ní Rẹ́mọ ṣe rò ó nìyẹn.

Ọmọ Rẹ́mọ náà ló wá ta ko èrò yìí. Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 1922 ni wọ́n bí Augustus Táíwò Solarin ní Ìkẹ́nnẹ́. Ó bá ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kàwé ní Manchester àti London, ó sì fẹ́ Sheila, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1952 ó di ọ̀gá àgbà Mólùsì College ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Solarin kò gba Ọlọ́run gbọ́, kò sì fi pa mọ́. Kò fẹ́ kí ilé-ìwé máa fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó padà sí ìlú rẹ̀, ó sì dá ilé-ìwé tí kì í ṣe ti ìjọ kankan sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Mayflower ló sọ ọ́, orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn tí wọ́n ń ni lára nítorí ẹ̀sìn lọ sí Amẹ́ríkà ní 1620.

Ọdún kan péré ṣáájú ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ kan náà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ń ya wọ kíláàsì bí omi òjò. Bí gbogbo wọn bá wá kàwé tán, ta ni yóò roko?

Gbogbo wọn ni, lójú Solarin. Ní Mayflower, ọmọ ilé-ìwé ń dáko, ó ń sin adìẹ àti ẹran, kì í sì í ṣe nítorí pé ó ṣẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ọmọ tó bá pẹ́ dé ni wọ́n máa ń fún ní àdá pé kó lọ gé koríko. Ó dùn mí púpọ̀, torí láti kékeré ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ilẹ̀ sí ìyà. Ní Mayflower, ara ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni gbogbo Nàìjíríà fi mọ̀ ọ́n. Uncle Tai ni àwọn ọmọ ń pè é.

Kálàmù rẹ̀ ló gbé èrò yìí jáde kọjá Rẹ́mọ. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, nígbà tí olúkúlùkù ń kí ara wọn pé ọdún á yabo, Solarin kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Times pé kí ọ̀nà àwọn òǹkàwé òun rí gbágungbàgun. Àwa tí a máa ń ṣàdúrà pé kí ọ̀nà rọ̀! Àmọ́ ẹni tó bá ti kọ ebè rí yóò mọ ohun tó ń wí. Ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ kọ́ ni a ń gbin èèbù iṣu sí. A ó tú u, a ó kó o jọ ní òkìtì òkìtì, kí iṣu tó lè ta.

Ìjọba gba ilé-ìwé náà ní 1976. Solarin kú ní 1994, Sheila kú ní 2012.

Mo mọ ọ̀kan nínú àwọn tó jáde níbẹ̀. Ọ́fíìsì ló ń lọ lójoojúmọ́, síbẹ̀ ewùrà àti kókò ló kún ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí i, òun fúnra rẹ̀ ló wa ewùrà tí ìyàwó rẹ̀ rin fi ro ìkókorẹ́ fún wa. Ó fọ erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, a sì jọ jókòó jẹun.