Ẹ̀yin Olóúnjẹ Wa ní Peckham, Ọṣẹ Lẹ̀ ń Sè Sínú Páìpù

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, ilé oúnjẹ mẹ́ta ló pè mí, ẹjọ́ kan náà sì ni gbogbo wọ́n rò fún mi: omi síǹkì ò lọ mọ́, ilé ìyàgbẹ́ ń da ẹ̀gbin padà sókè, òórùn ti lé oníbàárà sá. Mo ṣí ojú gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí mo bá níbẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tó sùn mọ́jú, epo pupa là á láàárín ní ìpele-ìpele. Mo fi irin gún un, irin ta padà.

Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà dúró tì mí. Ó ní, "Bọ̀dá, èyí kì í ṣe ojú lásán. Àtìgbà tí àwọn òdìkejì yẹn ti ṣí tiwọn ni omi mi ò ti lọ mọ́." Wòlíì ti débẹ̀ kí n tó dé. Ó ti da odindi ìgò òróró àdúrà sínú síǹkì.

Èmi náà ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ọdún 19 ni mo ti ń fi orí bọ gọ́tà ní gúúsù London, mi ò tíì bá ìdì oògùn kankan níbẹ̀ rí. Ọ̀rá ni mo máa ń bá. Ará òdìkejì kọ́ ló ń dà á síbẹ̀, ẹ̀yin ni.

Mi ò ní máa sọ fún àgbàlagbà pé a kì í da òróró tí a fi dín dòdò sínú síǹkì. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni ohun tí epo ń dà tó bá ti dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ dúdú nílé, ọ̀rọ̀ mi á tètè yé e. Wọ́n á jó èèpo kòkó, wọ́n á sẹ́ omi eérú rẹ̀, wọ́n á gbé e kaná pẹ̀lú epo tàbí àdín, wọ́n á sì máa rò ó títí á fi dì. Epo ló wọnú ìkòkò, ọṣẹ ló jáde. Irú rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Rye Lane, òpópónà wa ní Peckham. Ọ̀rá tí ẹ ti fi dín nǹkan léraléra, tó tún wá pàdé omi àti kòkòrò àìfojúrí inú páìpù, á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ásíìdì inú rẹ̀ á yọ jáde. Ásíìdì yìí á lọ dì mọ́ kálísíọ̀mù. Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín, nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ yẹn, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀, torí pé inú àpáta ẹfun ni púpọ̀ nínú omi London gbà kọjá kó tó dé ẹnu ẹ̀rọ yín. Ó tún wà nínú kọnkéré àti símẹ́ńtì ara gọ́tà fúnra rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti so pọ̀, ọṣẹ dé. Ṣùgbọ́n ọṣẹ yìí kì í hó, omi ò sì lè yọ́ ọ. Bí wáìpù tí wọ́n fi nu ìdí ọmọ bá tún kó sí i, ó di amọ̀ ilé tí a fi koríko pò.

Ní Whitechapel, ní ìlà-oòrùn London, lọ́dún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Thames Water, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó omi àti gọ́tà London, bá òkìtì irú ọṣẹ yìí kan tó gùn ní mítà 250, tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ń gé e jáde. Nígbà tí Museum of London pàtẹ díẹ̀ lára rẹ̀ lọ́dún 2018, mo kó àwọn ọmọṣẹ́ mi lọ wò ó. Ó ti gbẹ, ó dà bí òkúta, síbẹ̀ eṣinṣin ṣì ń pa jáde lára rẹ̀.

Oúnjẹ tiwa ló sì tún burú sí i. Epo pupa kì í yọ́ tán àfi tí ooru bá tó nǹkan bí 35 digiri. Nílé pàápàá, ẹ mọ bó ṣe máa ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì láàárọ̀ ọyẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ London ń kọ́? Ọyẹ́ ni tọdún-tọdún. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ìkòkò ẹ̀gúsí, ẹ rí i pé ó lọ, inú yín dùn. Kò ju ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ lọ tó fi máa tutù, tó sì máa lẹ̀ mọ́ ògiri páìpù.

Nítorí náà, kí ìkòkò tó kan omi, ẹ fi pépà nù ún mọ́ tónítóní, kí ẹ ju pépà náà sínú ìdọ̀tí. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Àpótí tí gbogbo wá ń pè ní grease trap ló ń ṣe ìyókù. Ó ń dá omi dúró kí ọ̀rá ráyè lé sókè, kí èérún oúnjẹ rì sísàlẹ̀, omi àárín nìkan ló ń jáde. Ẹ máa ti igi bọ̀ ọ́ láti wo bó ṣe kún tó. Tí ọ̀rá òkè àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá kó o. Àpótí tó kún ò yàtọ̀ sí pé kò sí rárá. Òróró dídín tó ti dúdú, kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kí ẹni tó níwèé àṣẹ wá gbé e, wọ́n ń fi í ṣe epo ọkọ̀. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ó gbé e lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tọ́jú ìwé náà fún ọdún 2. Abala 111 nínú òfin omi ọdún 1991 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti da ohun tó lè dí páìpù ìgboro sínú rẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ jákujàku tó ń ta omi oògùn gọ́tà inú ìgò kiri wá ni wàhálà mi. Wọ́n á ní ó ń jẹ ọ̀rá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kàn ń gé ọ̀rá sí wẹ́wẹ́ kó lè kúrò lọ́dọ̀ yín ni, á sì lọ dì níwájú ilé aládùúgbò. Àwọn tó ń ta kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà líle tó ń jẹ ara, tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí kọ́sítíìkì àti ọ̀rá, ọṣẹ náà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, olóúnjẹ kan pè wá, oúnjẹ ìgbéyàwó wà lórí iná, omi ti kún ilẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti da nǹkan kan sínú síǹkì. Ó ní rárá. Ọmọṣẹ́ mi kúnlẹ̀, ó ti irin bọ páìpù lábẹ́ síǹkì, omi sì ta sí i lápá àti lọ́rùn. Kò pariwo. Ó ń fi ọwọ́ kejì pa apá rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ó kàn ń yọ̀ ni, bí ọṣẹ." Ìgbà yẹn ni àyà mi já. Ọ̀rá ara ọmọ yẹn ló ti ń di ọṣẹ.

Mo fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, mo tì í sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ìyá olóúnjẹ náà sáré gbé epo pupa wá pé ká fi pa á. Mo kígbe mọ́ ọn débi pé mo padà tọrọ àforíjì. Omi tútù nìkan, omi tó ń ṣàn, la fi ń ṣan án títí ọkọ̀ áńbúláǹsì fi dé. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e jáde ni ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa agolo kọ́sítíìkì méjì yọ lábẹ́ síǹkì, méjèèjì ti ṣófo. Ẹnì kan ló tà á fún un lọ́jà, ó ní kó dà á sí i mọ́jú. Ojú ló ń tì í tí kò fi sọ.

Ọmọ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Àpá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìgúnpá, ó gùn dé ọrùn ọwọ́. Ilé oúnjẹ yòówù tí a bá dé, kò ní kúnlẹ̀ títí ẹni tó nilé á fi kó gbogbo ohun tó wà lábẹ́ síǹkì jáde, tí á tò wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.