Bí Òdòdó Inú Ìgò Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Yà Kúrò Lára Ìyá Rẹ̀

Ní Èkìtì, ẹni tó bá fẹ́ gbin pèrègún kì í wá irúgbìn. Yóò gé e, yóò tì í bọ ilẹ̀, èyí tó bá hù á sì jọ ìyá rẹ̀. Ohun tí ojú wa mọ́ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ra òdòdó lẹ́bàá títì l'Adó-Èkìtì fi ń pe ọlọ́gbà ní oníjìbìtì bí ọ̀kan bá yọ ewé mìíràn. Mo fẹ́ gbèjà ọlọ́gbà, torí òdòdó tí wọ́n fi ègé kékeré rẹ̀ hù nínú ìgò lè yà kúrò lára ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ní ìtàn.

Gottlieb Haberlandt, onímọ̀ ewéko ará Austria, ló sọ lọ́dún 1902 pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara ewéko, lè di odindi ewéko. Ó gbìyànjú rẹ̀, kò bọ́ sí i. Lọ́dún 1960, Georges Morel ní ilẹ̀ Faransé fi ṣóńṣó ọ̀mùnú òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní orchid sínú ìgò, ó sì ń pọ̀ sí i. Ní 1962, Murashige àti Skoog ní Amẹ́ríkà gbé àpòpọ̀ iyọ̀, ṣúgà, fítámì àti họ́mónù (èròjà tó ń darí bí ewéko ṣe ń dàgbà) jáde, èyí tí wọ́n ṣì fi ń bọ́ ewéko inú ìgò títí dòní.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀mùnú tó yọ tààrà láti ṣóńṣó sábà máa ń jọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí họ́mónù bá kọ́kọ́ sọ ọ́ di kókó tí kò ní gbòǹgbò tí kò ní ewé, sẹ́ẹ̀lì á máa pín ní kánmọ́kánmọ́, iye kúrómósómù (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá) lè ṣì, jíìnì (àṣẹ àbùdá tó wà lórí okùn náà) lè yí padà tàbí kó dákẹ́. Bó bá ṣe pẹ́ tó nínú ìgò ni ìyàtọ̀ ń pọ̀ tó. Ní 1981, Larkin àti Scowcroft ní Australia sọ irú ìyàtọ̀ yìí ní somaclonal variation, wọ́n ní a lè ṣa oríṣi tuntun níbẹ̀.

Ewé aláwọ̀ méjì kò tilẹ̀ nílò ìgò. Gé ewé ọjá ìkookò tí etí rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, kí o gbìn ín: ọmọ rẹ̀ á yọ ní àwọ̀ ewé nìkan. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń gbé ara kan náà, èyí tó wà nínú ló sì ń hù. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò ni kí ẹ máa pín bí ẹ bá fẹ́ kí etí náà wà.

Púpọ̀ nínú oríṣi Syngonium, ewéko kan tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà ewé rẹ̀, tó wà lọ́jà àgbáyé, inú ìgò ni wọ́n ti yà, tí ẹnìkan sì ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́gbà, ẹ má fa èyí tó yàtọ̀ tu. Ẹ gbé e sí ìkòkò tirẹ̀, ẹ gé e gbìn, kí ẹ wò ó bóyá ọmọ rẹ̀ á jọ ọ́.